Ìṣirò Tó Pọ̀ Kọ́ Ni Ìṣirò Tó Ń Múni Ronú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé kan nínú ìwé ìròyìn yín níbi tó ti ń sọ pé àwọn tíṣà ìṣirò ti ń kẹ́ ọmọ jù, pé iṣẹ́ àṣetiléwá ti rọ̀ jù, kí wọ́n padà sí ogójì ìbéèrè lálaalẹ́, kí nọ́ńbà inú ẹ̀ sì gùn dáadáa, ó ní ìgbà yẹn ni ọpọlọ àwọn ọmọ máa tó jí. Tíṣà ìṣirò lèmi náà, mo sì fẹ́ dá a lóhùn, kì í ṣe ìjà o. Ó sọ òótọ́ kan, ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń fún àwọn ọmọ ṣe ní kíláàsì ìṣirò kò béèrè ìrònú kankan lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ogójì ìbéèrè yẹn ò ní tún un ṣe, ńṣe ló máa bà á jẹ́ sí i, torí ohun tó fi ń díwọ̀n iṣẹ́ tó le, ìyẹn gígùn àti pípọ̀, òun kọ́ ló ń sọ bóyá ọmọ ń ronú àbí kò ronú.

Ẹ jẹ́ ká mú 4,786 lọ́nà 397. Ó ń dẹ́rù bani lójú, ọmọ sì lè lo odidi ojú ìwé kan lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe gan-an: ó ń rántí 7 lọ́nà 6, ó ń kọ 2 sílẹ̀, ó ń gbé 4 lọ síwájú, ó tún ń rántí 7 lọ́nà 8, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí tó fi máa ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò síbì kankan nínú ẹ̀ tó ti ní láti dá ìpinnu kan ṣe, gbogbo ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ni tíṣà ti fi hàn án tẹ́lẹ̀. Tó bá gbà á, sùúrù ló ní. Tó bá ṣì í, ojú ló fò ó.

Ẹ wá wo èyí: ẹ wá gbogbo odidi nọ́ńbà méjì-méjì tó jẹ́ pé tí a bá fi ọ̀kan sọ ìkejì di púpọ̀, 36 ló máa jẹ́, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe mọ̀ pé kò ku ìkankan. Ìṣirò inú ẹ̀ ò le, ọmọ tó bá ti mọ 4 lọ́nà 9 ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ kí ẹ wá máa wòran. Ọ̀kan á pariwo 6 lọ́nà 6, òmíràn á ní 9 lọ́nà 4, ẹlòmíì á ní òun ti rí 3 lọ́nà 12 àti 12 lọ́nà 3, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pé ṣé ọ̀kan náà ni àbí méjì, ẹnì kan á gbàgbé 2 lọ́nà 18, ẹnì kan á gbàgbé 1 lọ́nà 36 pátápátá torí pé kò dà bíi pé ìyẹn náà jẹ́ ìṣirò. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni ọmọ kan tó ti dákẹ́ látọjọ́ á ní ẹ jẹ́ ká tò ó, ká bẹ̀rẹ̀ látorí 1, ká lọ sí 2, sí 3, sí 4, 5 ò wọ inú ẹ̀, 6 wọ̀, tó bá wá ti kọjá 6 gbogbo èyí tá a bá tún rí, a ti rí i tẹ́lẹ̀, ó kàn yí padà ni. Ọmọ yẹn ti fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn pé márùn-ún péré ni. Àwọn tó ń fi ìṣirò jẹun nílé ẹ̀kọ́ gíga, irú ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn o, ó sì lè gba gbogbo àkókò kíláàsì. Òbí tó bá ṣí ìwé nóòtì ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlà mẹ́ta ló máa rí, á ní wọn ò ṣe nǹkan kan lónìí.

Àwọn kan wà tó ti fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ní yunifásítì Pittsburgh, Mary Kay Stein àti Margaret Smith wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní QUASAR ní àwọn ọdún 1990, ètò láti mú kíkọ́ ìṣirò dára sí i ni, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ládùúgbò àwọn tí kò rí jájẹ ni wọ́n bá ṣe é. Ní 1998, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí tíṣà lè fi yẹ iṣẹ́ kíláàsì wò, ìpele mẹ́rin ló ní. Mo máa fi ọ̀rọ̀ ìdá ṣàlàyé ẹ̀, torí ìdá ló sábà máa ń da àwọn ọmọ láàmú jù.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni akọ́sórí. Ìdajì jẹ́ mélòó nínú ọgọ́rùn-ún? Àádọ́ta. O mọ̀ ọ́n àbí o ò mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ rò síbẹ̀. Tó tẹ̀ lé e ni títẹ̀lé ìlànà láìmọ ìdí: 6, pín in sí ìdajì-ìdajì. Wọ́n ti kọ́ ọmọ pé kó dorí ìdá kejì kodò kó sì sọ ọ́ di púpọ̀, ó ṣe é, 12 jáde, ó gba máàkì, ó kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé tá a pín nǹkan tó tún wá pọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á máa wojú yín ni. Ibi yìí gan-an ni ogójì ìbéèrè alaalẹ́ ń gbé.

Ìpele kẹta ṣì ń lo ìlànà yẹn o, àmọ́ ó so ó mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Okùn kan gùn ní mítà 6, a fẹ́ gé e ní ìdajì mítà ìdajì mítà, ègé mélòó ló máa jẹ́, yà á, kí o wá fi àwòrán yẹn sọ ìdí tí sísọ di púpọ̀ pẹ̀lú 2 fi bá a mu. Ọmọ máa rí i pé inú mítà kọ̀ọ̀kan, ègé méjì ló wà níbẹ̀, mítà mẹ́fà, ègé méjìlá. Dídorí kodò yẹn wá di nǹkan tó ní orí àti ìdí.

Ìpele kẹrin ni wọ́n pè ní ṣíṣe ìṣirò gan-an, níbi tí kò ti sí ìlànà kankan tí ẹnikẹ́ni ti là sílẹ̀. Méje nínú mẹ́jọ àti mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án, èwo ló tóbi jù? Má ṣe fọ́múlà kankan, wá ọ̀nà tìẹ. Ọmọ kan lè sọ pé àwọn méjèèjì ò pé odidi, èyí ń wá ìdá kan nínú mẹ́jọ kó tó pé, ìyẹn ń wá ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló kéré jù, torí náà ẹni tó ń wá díẹ̀ ló sún mọ́ odidi jù. Ẹ wá bi í: tá a bá ń lọ báyìí sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, mẹ́wàá nínú mọ́kànlá, ṣé á máa tóbi sí i títí ni? Ṣé á dé odidi lọ́jọ́ kan? Ẹ ò rí ọjọ́ náà! Kíláàsì ò ní fẹ́ jáde.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ akọ́sórí. Ọmọ tó ń fi ìka ka 7 lọ́nà 8, ọkàn rẹ̀ ò ní ráyè fún ìbéèrè gidi, ká má parọ́. Ìlànà náà wúlò, ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ pàápàá ṣì gbọ́dọ̀ lè yára ṣe é. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìpele méjì àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ń gbé látọdún dé ọdún, ọmọ á lo ọdún méjìlá nílé ìwé tí ẹnì kan ò bi í pé báwo lo ṣe mọ̀.

Ó tún wá ku bí a ṣe ń dá iṣẹ́ mọ̀, torí ó ṣòro ju bó ṣe dún lẹ́nu lọ. Àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n yẹn fúnra wọn kìlọ̀ pé aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún iṣẹ́ lè tan tíṣà jẹ. Tí iṣẹ́ bá ní àwòrán, tó ní ìtàn nínú, tó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ní kí ọmọ fi ọwọ́ to nǹkan, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ṣàlàyé bí o ṣe ṣe é, a máa ń rò pé ó ti jinlẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ọmọ lè to òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún kó sì máa ṣe bí tíṣà ṣe ní kó ṣe ní ìgbésẹ̀ kan sí ìkejì, ìpele kejì ṣì nìyẹn. Ṣàlàyé náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: mo kọ́kọ́ yí i lórí kodò, lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ di púpọ̀. Ìtàn ohun tí ọwọ́ ṣe ló sọ yẹn, kò sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ ìtàn nínú ìṣirò yìí pàápàá, ẹ jẹ́ n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀, torí àwọn alábẹ̀wò ilé ìwé fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún 13 nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe káàkiri Amẹ́ríkà pé bọ́ọ̀sì kan ń gba sójà 36, sójà 1,128 ló fẹ́ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n nílò? Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bí àádọ́rin ló pín in dáadáa. Àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún yẹn náà, 29 kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì 31 ó ku 12. Ẹ sọ fún mi, kí ni bọ́ọ̀sì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó ku méjìlá? Àwọn 18 míì ní 31, wọ́n fi sójà méjìlá sílẹ̀ sójú títì, 23 péré ló ní 32. Pínpín ò ni wọ́n lára, wọ́n mọ̀ ọ́n, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni pé kí wọ́n padà sínú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí nọ́ńbà ti jáde. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé ìyẹn wà lára iṣẹ́.

Ti Faransé tún le jù ú lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn olùwádìí ní ìlú Grenoble bi àwọn ọmọ kéékèèké pé àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ọdún mélòó ni kápútéènì? Ọmọ 97 ni wọ́n bi, 76 nínú wọn ló fi àwọn nọ́ńbà yẹn wá ọjọ́ orí kápútéènì jáde. Àwọn èèyàn máa ń fi rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí àwọn ọmọ yẹn gbọ́n. Wọ́n ti kíyè sí i pé nílé ìwé, tí nọ́ńbà méjì bá ti wà nínú ìbéèrè, ẹ kàn gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan sí wọn ni, áńsà á sì jáde, tíṣà á sì máàkì í. Ohun tá a kọ́ wọn ni wọ́n ṣe.

Ẹni tó ń díwọ̀n tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. 8 àti 5, ẹ rò ó pọ̀. Fún èmi àti ẹ̀yin akọ́sórí ni. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òǹkà, tó wò ó títí tó wá yọ 2 kúrò lára 5 láti fi kún 8 kó lè di 10, tó wá fi 3 tó kù lé e, ìrònú gidi nìyẹn. Torí náà tí ẹnì kan bá gbé ìwé ìṣirò kan jókòó nínú ọ́fíìsì tó ń fi bírò ya gbogbo ìbéèrè inú ẹ̀ sí ìpele láìmọ ohun táwọn ọmọ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìbéèrè nọ́ńbà méjì-méjì tó ń jẹ́ 36 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá fún ọmọ tí tíṣà ti kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti di títẹ̀lé ìlànà nìyẹn.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù kì í ṣe inú ìwé rárá, ọwọ́ àwa tíṣà ni. Iṣẹ́ kan ní bó ṣe rí nínú ìwé, ó ní bí tíṣà ṣe gbé e kalẹ̀, ó ní bí àwọn ọmọ ṣe ṣe é níkẹyìn, ó sì lè yàtọ̀ síra ní gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi ọkàn wo kíláàsì kan. Ìwé sọ pé okùn 24 mítà ni a ní láti fi yí ilẹ̀ onígun mẹ́rin ká, igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé, báwo la ṣe máa yà á kí ààyè inú ẹ̀ lè tóbi jù? Iṣẹ́ dáadáa ni. Ọmọ lè ṣe 1 sí 11 kó rí 11, kó ṣe 2 sí 10 kó rí 20, 3 sí 9 kó rí 27, kó máa yà á lẹ́nu pé okùn kan náà ni, ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí tó fi dé 6 sí 6 tó jẹ́ 36, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Tíṣà ti kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, àwọn ọmọ ń wò, ẹnì kan ní kò yé òun, ẹnì kan ti ń fi rúlà gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkàn tíṣà ò balẹ̀. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ n ràn yín lọ́wọ́. Ó ya tébù, ó kọ gígùn, fífẹ̀, ààyè inú sókè, ó kọ 1, 2, 3, 4, 5, 6 sísàlẹ̀, ó fi fọ́múlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ fi kún un. Ó ti bá wọn jẹ ẹ́ tán, gbígbé mì ló kù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ á kọ ọ́ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé òun ṣe iṣẹ́ ìrònú jinlẹ̀ lónìí, iṣẹ́ náà sì wà nínú ìwé lóòótọ́, ó wà lójú bọ́ọ̀dù, kò kàn sí nínú orí ọmọ kankan.

Kì í ṣe tíṣà ìlú kan ni èyí ń bá jà. Àwọn tó ń ṣe TIMSS, ìyẹn ìwádìí tó ń fi ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ìwádìí fídíò 1999, fídíò kíláàsì ìṣirò láti ibi méje káàkiri àgbáyé ni wọ́n sì wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè tí wọ́n bá ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 17 ló jẹ́ irú èyí tó yẹ kó mú ọmọ so nǹkan pọ̀ kó ronú. Ní Hong Kong tí àwọn ọmọ wọn ń ṣe dáadáa gan-an nínú ìdánwò, 13 ni. Ti Amẹ́ríkà pọ̀ ju tiwọn lọ! Ìgbà tí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é nínú kíláàsì ni àṣírí tú: ní Hong Kong, ó súnmọ́ ìdajì àwọn ìbéèrè yẹn tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ, ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìkankan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti di ẹ fi nọ́ńbà sínú fọ́múlà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé tí ìjọba bá ti ra ìwé tuntun fún ilé ìwé, ó ti parí.

Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru tíṣà. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Àkókò ò tó, ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, ọ̀gá fẹ́ rí i pé wọ́n parí sílébọ́ọ̀sì, òbí fẹ́ rí ìwé nóòtì tó kún. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbéèrè tó le dúró le, ó gbọ́dọ̀ lè fara da ìdákẹ́jẹ́ nínú kíláàsì, kó sì mọ irú ìrànlọ́wọ́ tó máa ṣe. Ọmọ tó há, ẹ bi í pé kí lo ti gbìyànjú, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣé a lè fi nọ́ńbà tó kéré dán an wò ná. Ìyẹn ò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá sì gbà á, ẹ bi í báwo lo ṣe mọ̀, torí ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ẹni tó ṣì í nìkan ni wọ́n máa ń bi, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ pé tí tíṣà bá ti béèrè ìdí, áńsà yẹn ò dáa nìyẹn, kí wọ́n yáa yí i padà kíá.

Fún àwọn alábẹ̀wò, ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo ní. Tẹ́ ẹ bá wọ kíláàsì, ẹ má kọ́kọ́ ka iye ìbéèrè inú ìwé nóòtì. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ lé e láti ìgbà tó jáde lẹ́nu tíṣà títí tó fi parí, kí ẹ wo ẹni tó ń ṣe ìrònú nínú ẹ̀, bóyá tíṣà ni àbí ọmọ. Ìṣẹ́jú ogún péré ti tó.

Àmọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ni mo fẹ́ kó ka lẹ́tà yìí jù, torí a lè máa sọ̀rọ̀ títí, ohun tó bá wà nínú ìdánwò ni tíṣà máa kọ́. Tí ìdánwò bá jẹ́ àádọ́ta ìbéèrè A, B, C, D láàárín wákàtí kan, ìyẹn ni ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ọlọ́gbọ́n ọmọ tó máa dúró bi ara rẹ̀ bóyá áńsà náà bá ọ̀rọ̀ mu. Mi ò ní kí wọ́n da gbogbo ẹ̀ nù. Kí wọ́n yọ mẹ́wàá nínú àádọ́ta yẹn, kí wọ́n fi ìbéèrè kan ṣoṣo rọ́pò ẹ̀, irú èyí tí ọmọ máa ní láti sọ ìdí ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fún un ní máàkì tó jọjú, títí kan ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ò jáde dáadáa ṣùgbọ́n tí ìdí tó sọ mọ́gbọ́n dání. Ó máa ṣòroó máàkì, mo mọ̀, ó máa gba owó àti àkókò. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n lè rí i, bóyá wọ́n á dá mi lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà ìṣirò kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín